Bí Pamọ́ Ṣe Kúrò Nínú Àkójọ

Ẹni tí wọ́n bá sọ ní Máfojúfò, ẹ má retí pé kó gbójú fo nǹkan kan. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti fún un lórúkọ náà. Òun ló ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ìwé kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Bí àmì kan bá yẹ̀ díẹ̀ lórí lẹ́tà, ojú rẹ̀ á tó o. Àwọn tó ń gé bébà ní yàrá kejì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà sójú ìwé, Máfojúfò á ní kí wọ́n pa á rẹ́, pé kò sí nínú ohun tí oníwèé kọ. Kì í bínú sí wọn. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí i kí oníbàárà tó rí i, ẹ̀yin aláriwo wọ̀nyí."

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ní iṣẹ́ kejì tí ẹnì kankan kì í sanwó rẹ̀ fún un, iṣẹ́ yẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yà á nípa pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọn èèyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń fi í tọrẹ: èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé, èyí tí wọ́n fi ń wo àwòrán, àtàwọn irinṣẹ́ kéékèèké lóríṣiríṣi. Agbo tí Máfojúfò wà ló ń kó gbogbo ẹ̀ jọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dì í pọ̀ sójú kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àkójọ ni wọ́n ń pè é. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú Àkójọ ló ní alágbàtọ́ tirẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ bú bí nǹkan bá bàjẹ́. Máfojúfò ni alágbàtọ́ irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pamọ́.

Òun kọ́ ló bí i o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ Pamọ́, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí Máfojúfò ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n yìí ló rán an níléèwé, òun náà ló gbé e jókòó síwájú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó rí láyé rẹ̀, tó ní, "Tẹ̀ ẹ́, kò ní bù ẹ́ jẹ." Máàpù ilẹ̀ ló ń kún kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n pa nígbà náà, ló bá kọ Pamọ́ láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Irinṣẹ́ náà rọrùn bí omi mímu. Àwòrán àpótí kékeré kan wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà. O máa wọ́ fáìlì rẹ sínú rẹ̀, o máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Pamọ́ á kó gbogbo ẹ̀ lọ sórí díìsìkì tó o so mọ́ kọ̀ǹpútà, á pa ti orí kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè gbà ọ́, á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó ti parí, fọkàn balẹ̀." Àwọn èèyàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ìlú tí ẹ̀gbọ́n ò dé rí ni wọ́n ti ń kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá ń ṣú, tí kò lè ka lẹ́tà wínníwínní mọ́, ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo máa bá mi wo ọmọ yìí." Máfojúfò kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ta ni kò ní dúpẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà ò mú wàhálà wá, àfi ìgbà tí tíṣà kan kọ̀wé sí i. Tíṣà náà ní òun kó iṣẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì òun ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ọdún sínú Pamọ́. Pamọ́ ní ó ti parí, kí òun fọkàn balẹ̀. Nígbà tí òun ṣí díìsìkì, ìdajì ò sí níbẹ̀, kò sì sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni Pamọ́ kó o lọ?" Ì bá tiẹ̀ bú Máfojúfò, ì bá sàn fún un.

Máfojúfò dán Pamọ́ wò, ó ṣiṣẹ́. Ó tún dán an wò, ó tún ṣiṣẹ́. Ó ti fẹ́ fún tíṣà lésì pé kò sí àléébù kankan, bóyá ó ṣi nǹkan tẹ̀ ni, kí ojú rẹ̀ tó lọ sí díìsìkì tó so mọ́ kọ̀ǹpútà. Òfìfo ni. Àṣà gbogbo wọn nínú agbo nìyẹn: kí wọ́n tó dán irinṣẹ́ wò, wọ́n á kọ́kọ́ nu díìsìkì mọ́ tónítóní kí ìdọ̀tí àtijọ́ má bàa da àyẹ̀wò rú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń yẹ Pamọ́ wò, orí díìsìkì òfìfo ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló wá ń lo díìsìkì òfìfo nílé rẹ̀? Tèmi kún. Tiyín náà kún, ẹ má parọ́.

Lákòókò ìsinmi ọ̀sán nílé ìtẹ̀wé, ó fi àwòrán ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ kún díìsìkì náà títí ó fi ku àyè díẹ̀, ó wá ní kí Pamọ́ kó ẹrù tó ju àyè yẹn lọ. Pamọ́ ò janpata. Ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó ní ó ti parí, fọkàn balẹ̀. Máfojúfò ṣí i wò. Ìdajì ti lọ.

"Mo gbé o!" Ariwo tó pa nìyẹn.

Ọkùnrin tó ń gé bébà sáré yọjú. "Ṣé ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé ẹ lọ́wọ́ ni?"

"Ì bá jẹ́ ọwọ́ ló gé!"

Ó ka ètò náà láti òkè délẹ̀, ó sì rí i. Iye ohun tí Pamọ́ gbé jáde ló máa ń kà, kì í ka iye tó dé ibi tó ń lọ. Bí díìsìkì bá kún lójú ọ̀nà, tó ń pariwo pé òun ti yó, Pamọ́ ò létí tó máa fi gbọ́. Á máa da ẹrù sílẹ̀ lọ, á pa ti ilé rẹ́, á sì ní kí ẹlẹ́rù fọkàn balẹ̀. Máfojúfò gbìyànjú àtitún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n kọ́ ọ lé ti gbó, àwọn tó ṣe ìpìlẹ̀ náà ti pa á tì, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́. Bó bá di ihò kan, òmíràn á là. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀dà tuntun Àkójọ, obìnrin kan tí gbogbo agbo ń pè ní Aṣọ́bodè nítorí pé ohunkóhun kì í wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀wé sí i ṣókí: "Tún un ṣe, tàbí kó o yọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń ti ilẹ̀kùn." Ohunkóhun tí ilẹ̀kùn bá sì tì mọ́ inú ẹ̀dà tuntun, orí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ló ń lọ, ó sì tó ọdún méjì kí wọ́n tó ṣe òmíràn.

Agbo wọn ní ìlànà tí wọ́n fi ń yọ irinṣẹ́. Alágbàtọ́ á kọ ọ́ sí pátákó wọn lórí ayélujára, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, pé òun fẹ́ yọ ọ́, á sì fi gbólóhùn kan sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹni tó kọ irinṣẹ́ náà bá ní òun ò gbà, ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n ní ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ayé, ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Èmi náà rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ó wá yẹ kí Máfojúfò kọ́kọ́ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó jókòó, kó là á yé e. Kò lọ. Ẹ̀rù ló bà á, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó jókòó sídìí iṣẹ́, ó kọ ọ́ sí pátákó pé, "Mo fẹ́ yọ Pamọ́, torí ó ń sọ fáìlì èèyàn nù láì sọ fún wọn," ó lẹ ìwé tíṣà mọ́ ọn, ó wá ń gbàdúrà pé kí ẹ̀gbọ́n má tètè rí i. Ìyẹn mà ga o! Ẹni tó bá kọ nǹkan síbi tí gbogbo ayé ti ń kà á, ta ló fẹ́ fi pa mọ́ fún?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n ti fèsì sábẹ́ rẹ̀: "Èmi tí mo kọ Pamọ́ ò gbà. Kò ní àléébù. Ẹni tí kò bá mọ irinṣẹ́ lò, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó." Kò pe àbúrò rẹ̀, kò gbé ìpè rẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Máfojúfò ò lè jẹun, lẹ́tà tó yẹ̀ lójú ìwé ń kọjá lójú rẹ̀, kò rí wọn, àwọn tó ń gé bébà náà ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ọjọ́rú ni ẹ̀gbọ́n tó pè. Máfojúfò sá wọ àárín òkìtì bébà kó tó gbé e.

"Mo kàn ní kí n sọ fún ẹ ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Lọ́la ni mo máa fi Pamọ́ kó ohùn Ìyá sórí díìsìkì. Kọ̀ǹpútà mi ti kún. Tí mo bá kó o tán, màá kọ ọ́ sí pátákó yín, kí wọ́n rí ohun tí irinṣẹ́ tí mo fi làálàá kọ lè ṣe."

Ìyá wọn ò mọ̀wé kọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ohùn ni ìyá máa ń gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì tó ń fi ránṣẹ́ sí i. Ìyá ti kú. Lọ́dún yìí ni ẹ̀gbọ́n ń ti kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gba ohùn inú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti gbó débi pé bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí, wọ́n á já, wọ́n á sì di pàǹtí. Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ló kù láyé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má ṣe é!"

"Kí ló dé? Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé ó máa ṣiṣẹ́ ni?" Ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, Máfojúfò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án, kò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ju díìsìkì tuntun kan sínú báàgì, ó gun ọkọ̀. Gbogbo iná pupa tó wà lójú ọ̀nà ló dá wọn dúró. Aṣọ́bodè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Mo máa tó tì í o." Ó ti fóònù bọ báàgì padà. Bí Ìyá bá sọ nù lónìí, ó mọ̀ pé òun àti ẹ̀gbọ́n òun ò ní jókòó pọ̀ mọ́ láé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọlé ọkọ ló ti ń pe Máfojúfò ní Ẹyínfúnjowó. "Ẹyínfúnjowó, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá bá mi wo ọkọ mi. Láti àárọ̀, kò jẹ, kò mu. Kọ̀ǹpútà ni ìyàwó báyìí, èmi ti di àlejò."

"Àǹtí, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?"

"Tẹ kí ni?"

Máfojúfò ò dúró fèsì. Ẹ̀gbọ́n wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó gbé ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà débi pé èémí rẹ̀ ń fẹ́ sára gíláàsì rẹ̀. Díìsìkì dúdú kan ti wà lára ẹ̀rọ, ojú kọ̀ǹpútà sì fi hàn pé ó kù díẹ̀ kó kún. Pàǹtí kásẹ́ẹ̀tì kún inú agbọ̀n lẹ́sẹ̀ tábìlì.

Máfojúfò kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n."

"Dìde. Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Lọ kúnlẹ̀ fún Pamọ́, ìwọ alágbàtọ́ tó fẹ́ pa ọmọ tí wọ́n fún ẹ wò." Ó tẹ nǹkan kan. "Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kó."

Ohùn ìyá wọn jáde, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ò ń jẹun? Má parọ́ fún mi o, mo mọ ohùn ẹni tí ebi ń pa. Àbúrò rẹ ò jẹ́ kí n sinmi, ó ní òun fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀. Ó yá, sọ ọ́." Ohùn ọmọdé kan wá wọlé, wínníwínní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wálé?"

Máfojúfò ò mọ̀ pé ohùn òun wà níbẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ẹ̀. Mo mú díìsìkì wá. Tí mo bá ṣe é tán, ẹ lo Pamọ́ bó ṣe wù yín."

"Ẹ̀dà kẹ̀! Tí mo bá ṣe ẹ̀dà, kí ni mo wá fi hàn wọ́n? Pé èmi náà ń bẹ̀rù ọmọ mi?"

"Àyè tó kù lórí díìsìkì yín yẹn ò tó."

"Tí ò bá tó, Pamọ́ á sọ."

"Kò ní sọ! Ó máa ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó sọ fún tíṣà yẹn nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ọmọ ẹni kì í burú títí, ká lé e fún ẹkùn pa jẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tiyín yìí ló ti di ẹkùn. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń pa jẹ."

Háà. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó wọ́ ohùn ìyá wọn, gbogbo ẹ̀ pátá, sínú àpótí kékeré yẹn, ó sì gbé ìka lé máùsì.

Kí ni kí Máfojúfò ṣe? Kó já wáyà? Ọwọ́ rẹ̀ tó o, kò jìnnà sí i rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó oṣù rẹ̀ rán an níléèwé ló jókòó yìí. Bó bá já wáyà mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ilé rẹ̀, níṣojú ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe wáyà nìkan ló máa já. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mi ò ní dá yín dúró, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tí ọkàn yín bá balẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ò tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀. Fáànù ń yí lókè, ọmọ aládùúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri níta. Máfojúfò ń wo ìka náà. Ìka sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó tún gòkè. Òógùn bo iwájú orí ọkùnrin náà.

Nígbà tó pẹ́, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mi ò lè ṣe é," ló wí.

Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Nígbà tó jẹ́ máàpù mi, mo máa ń tẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ pé mo lè tún un yà. Nígbà tó jẹ́ ti tíṣà, mo ní kò mọ̀ ọ́n lò ni. Ìyá mi rèé." Ó nu ojú. "Mo ti jókòó síbí láti àárọ̀. O rò pé ìwọ ni mò ń dúró dè?"

Fóònù Máfojúfò dún. Aṣọ́bodè ni: "Mo ń tì í." Ó sáré tẹ èsì padà: "Ẹ dákun, ìṣẹ́jú díẹ̀!" Ó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ẹ sọ ọ́, kí n bá yín kọ ọ́."

"Rárá. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n." Ó sọ lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà di ńlá gbàgbà, ó ṣí pátákó agbo, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá lẹ́tà kiri. Máfojúfò rí àṣìṣe méjì nínú rẹ̀, ó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ohun tó kọ nìyí:

"Èmi ni mo kọ Pamọ́. Mi ò lè fi ohùn ìyá mi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi tiyín lé e lọ́wọ́ mọ́. Ẹ yọ ọ́."

Ó fi ránṣẹ́. Èsì Aṣọ́bodè ò pẹ́: "A ti yọ ọ́. Ẹ ṣeun, bàbá." Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú, ó kàn jókòó síbẹ̀ tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Máfojúfò bú sẹ́kún. Ó ti fẹ́ kúnlẹ̀ padà, ẹ̀gbọ́n mú un lápá.

"Má kúnlẹ̀, má sunkún. Díìsìkì tó o mú wá yẹn dà? So ó mọ́ ọn. Èmi ò ríran dáadáa, ìwọ ni kó o máa kó o, kó o máa ṣí i gbọ́ kó o tó kó èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa kó ìyá wa."